Ìdákẹ́ Ìṣẹ́jú Márùn-ún

Ọmọrí ìkòkò ló fa ìgbátí àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ó já bọ́ lọ́wọ́ Aránṣọ nílé ìdáná, ó ń yí gbirigbiri lórí sìmẹ́ǹtì, ariwo rẹ̀ ò sì fẹ́ tán. Obìnrin náà sáré fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́. Kó tó bẹ̀rẹ̀ mú un, ọkọ rẹ̀ ti jáde láti yàrá iṣẹ́, hẹ́dífóònù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì ti fọ́ ọ létí. Orí obìnrin náà lọ lu etí kọ́bọ́ọ̀dù. Ètè rẹ̀ ìsàlẹ̀ bẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì kán sínú àwo ẹyin tó fẹ́ dín.

Kò ké. Ọdún méjì ti kọ́ ọ pé ẹni tó bá ké á tún jẹ òmíràn lé e.

Ẹnjiníà ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ rẹ̀, torí pé iṣẹ́ gbígba ohùn sílẹ̀ ló yàn láàyò. Ọ̀kan nínú yàrá mẹ́rin tó wà nínú ilé náà ló sọ di sítúdíò. Ó lẹ páálí ẹyin mọ́ ògiri rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó kan fóòmù mọ́ ilẹ̀kùn, ó dá fèrèsé kékeré kan sára ògiri tó kọjú sí pálọ̀, ó fi gíláàsì dí i, kó lè máa wo ẹni tó bá wọlé láìṣílẹ̀kùn. Ó wá gbé pátákó síta pé ẹni tó bá fẹ́ kí ohùn òun tàn kálẹ̀, ibí ni kó yà sí. Pátákó náà ti lo ọdún méjì níbẹ̀. Oníbàárà tó tíì yà kò ju mọ́kànlá lọ, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó padà wá lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ má sì rò pé kò mọ iṣẹ́. Ó mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kì í fi iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣeré, owó tó ń gbà ò sì ga. Ohun tó ń lé wọn ló ń wá, ibi tó sì rọrùn jù lọ fún un láti wá a ni ara ìyàwó rẹ̀. Ó ní ariwo ìyàwó òun ni. Ó ní ojú wíwú tó ń gbé kí àlejò ni. Ta ló mú ojú náà wú? Ẹ bá mi bi í.

Nínú ilé yẹn, gbogbo ohun tó bá ti ń dún ló ti dẹ́ṣẹ̀. Ikọ́ dẹ́ṣẹ̀, bàtà dẹ́ṣẹ̀, ilẹ̀kùn tó bá ké dẹ́ṣẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ tí Aránṣọ fi ń bọ́ wọn kí sítúdíò tó dé, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà báyìí, wọ́n fi aṣọ àlòkù wé e.

“Gbọ́ mi dáadáa,” Ẹnjiníà wí fún un, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bí ìgbà tó bá ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. “Aago mẹ́ta ni Tíṣà ń bọ̀. Tó bá gbé iṣẹ́ yẹn fún mi, a jọ wà níbí nìyẹn. Tí kò bá gbé e, wàá kó ẹrù ẹ kúrò nílé yìí kí ilẹ̀ tó ṣú. Tíńtín ò ní tẹ̀ lé ẹ.”

Tíṣà tó ń wí yìí ni obìnrin àgbà kan tó ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ogójì ẹ̀kọ́ ló fẹ́ kí wọ́n kà sínú ẹ̀rọ fún òun, kí àwọn ọmọ lè máa gbọ́ ọ. Ẹnjiníà ti ṣe ẹyọ kan fún un gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, ọ̀sán ọjọ́ yìí ló sì fẹ́ wá fèsì. Tíńtín ní tirẹ̀ ni ọmọ kan ṣoṣo tí Aránṣọ bí, ọmọ ọdún méje. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ló dúró sí báyìí, ìtọ̀ ti gba itan rẹ̀ wálẹ̀ dé ẹsẹ̀.

Aránṣọ gbọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́, kò dà á láàmú. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹrù, ìyẹn náà kì í ṣe tuntun. Ọ̀rọ̀ ọmọ ló mú un yíjú sí Tíńtín. Ọkùnrin tó lè fọ́ ìyá létí torí ọmọrí ìkòkò, kí ni kò ní fi ọmọ ṣe nígbà tí ìyá ò bá sí níbẹ̀ láti gba ìyà náà? Ó mọ èsì ìbéèrè yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ibi tí wọ́n dé nìyẹn tí Oníbúrẹ́dì fi wọlé. Oníbúrẹ́dì ni ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà obìnrin, òun ló sì ni ilé. Yàrá iwájú tó kọjú sí títì ló ń gbé, ibẹ̀ náà ló ti ń tajà. Búrẹ́dì ló fi tọ́ àbúrò rẹ̀ dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú, búrẹ́dì ló fi ra kọ̀ǹpútà, búrẹ́dì ló fi ra máìkì. Ó wo ètè tó bẹ́, ó wo àwo. Ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni pé ṣé ẹyin mẹ́rin ni wọ́n fẹ́ dà nù báyìí.

Aránṣọ dà á nù, ó fọ́ òmíràn. Bó ṣe ń dín in, Ẹnjiníà tún ìdájọ́ rẹ̀ sọ lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń sọ ọ́. Ó ní àwọn obìnrin kan wà, tí wọ́n bá wọlé báyìí, oríire á bá wọn wọlé. Ó ní àwọn mìíràn wà, ẹsẹ̀ tí wọ́n fi wọlé ni ọjà fi ń jáde. Kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń wo ẹsẹ̀ Aránṣọ.

Aránṣọ kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì tòun ti ṣíbí ìdínyin lọ́wọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ lè lé mi,” ó ní. “Mo gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ọmọ mi.”

Oníbúrẹ́dì na ọwọ́ kọjá lórí rẹ̀. Ó di ọrùn ọwọ́ Tíńtín mú, ó ní ọmọ ilé àwọn ni, kò ní tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ jìyà kiri. Títí tó fi di ọ̀sán, kò fi ọmọ náà sílẹ̀ ju ìgbà tó fẹ́ jẹun lọ.

Wọ́n jẹun. Ẹnjiníà jẹ ẹyin mẹ́ta, ó mu tíì, ó ní iyọ̀ ò dé inú ẹyin náà. Aránṣọ gbé ife sẹ́nu, tíì gbígbóná ta á ní ètè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Tíńtín yọ inú búrẹ́dì tirẹ̀, ibi funfun tó rọ̀, ó tì í sí ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ lábẹ́ tábìlì. Ìyá rẹ̀ jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń gbé e mì láìjẹ́ pé ó rún un.

Nígbà tó di nǹkan bí aago mọ́kànlá, Aránṣọ rántí aṣọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kan tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni nọ́ọ̀sì náà fẹ́ gbà á, kò sì kù ju apá kan tí kò tíì rán mọ́ ọn lọ. Ó rò ó pé tí wọ́n bá lé òun lóòótọ́, owó aṣọ yìí lòun á fi wọ ọkọ̀ lọ bá ẹni tó lè bá òun bẹ̀bẹ̀ gba ọmọ òun. Ó fa ẹ̀rọ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó fi ìrọ̀rí méjì tẹ́ abẹ́ rẹ̀. Kò fẹsẹ̀ wà á. Ọwọ́ ló fi ń yí i, ojú abẹ́rẹ́ kan, á dúró, á tẹ́tí, á tún yí òmíràn. Ibi tó ti ń yí i lọ́nà yìí, ó ti rán apá náà dé ìdajì.

Ṣé ẹ mọ̀ pé etí ọkùnrin yìí mú tó bẹ́ẹ̀? Ohun tó bá wù ú láti gbọ́, ó ń gbọ́ ọ.

Ó já ilẹ̀kùn wọlé. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ náà sókè dé àyà, ó là á mọ́lẹ̀. Irin náà dá sí méjì, apá kan sì balẹ̀ sórí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ Aránṣọ, èékánná rẹ̀ ká kúrò. Ariwo yẹn dé ìta. Ẹ wá wo ẹni tó ń bẹ̀rù ariwo. Lẹ́yìn náà ló wọ́ ọ wọ sítúdíò, ó ti ilẹ̀kùn onífóòmù náà, ó mú wáyà máìkì, ó ká a sí méjì. Yàrá tó ṣe kí ohùn ènìyàn lè tàn kálẹ̀, inú rẹ̀ náà ló ti ń lu ènìyàn kí ohùn rẹ̀ má bàa jáde. Ó lù ú lẹ́yìn, ó lù ú ní itan, ó lù ú ní apá tó fi ń bo ojú. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó nu wáyà náà, ó ká a dáadáa, ó fi í kọ́, torí ẹni tó máa ń tọ́jú irinṣẹ́ ni.

Ní òdìkejì títì, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kún. Ẹni mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ń gẹrun, márùn-ún ń gbé ẹnu lé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Wọ́n gbọ́ ariwo irin tó ṣubú nílé Ẹnjiníà, ìyẹn ló gbé wọn dórí ọ̀rọ̀ sítúdíò. Ọ̀kan ní pátákó rẹ̀ ti rẹlẹ̀ jù. Òmíràn ní ìgbéraga ni, pé ọkùnrin náà kì í kí ènìyàn. Onígbàjámọ̀ ní àwọn àgbà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́, kí ni ẹni tó wá kó páálí ẹyin yí ohùn ká ń retí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Ẹni tí kò rẹ́rìn-ín ni ọkùnrin kan tó ń ta oògùn eku. Òun náà wà lára oníbàárà mọ́kànlá yẹn. Ẹnjiníà ló bá a gba ìpolówó sílẹ̀, èyí tó fi ń kéde ọjà rẹ̀ kiri. Wọ́n bi í pé kí ló dé tó fi lọ tún ìpolówó kan náà ṣe lọ́dọ̀ ẹlòmíràn tó gbówó lé e. Ó yí ojú sí ògiri. Ó ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ.

Bó ṣe wí báyìí ni Aránṣọ jáde wá sá aṣọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ó ń tiro. Apá rẹ̀ ti lé. Àwọn ọkùnrin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rí i, òun náà rí wọn. Onígbàjámọ̀ ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya, ẹni kẹta kì í dá sí i. Ó sì yí rédíò rẹ̀ sókè.

Aago mẹ́ta ò tíì lù tán tí Tíṣà fi dé. Obìnrin kúkúrú ni, ó wọ bàtà pẹlẹbẹ, ó gbé àpò kan kọ́ èjìká, ohùn rẹ̀ sì ni ohùn ẹni tó ti ń bá ogójì ọmọ wí lẹ́ẹ̀kan náà fún ọgbọ̀n ọdún. Ẹnjiníà ti wẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti ti Aránṣọ mọ́ yàrá, ó ní kò gbọdọ̀ mí. Oníbúrẹ́dì jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ọrùn ọwọ́ Tíńtín ṣì wà nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Tíṣà gba omi, kò mu ún. Ó ní iṣẹ́ náà dára. Ó ní ohùn já geere, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó gbé mì. Ẹnjiníà ń mi orí. Tíṣà wá ní àmọ́ àwọn ọmọ ò gbọ́ ọ tán.

“Lọ́jọ́ kìíní, ọmọ kan bi mí pé, màmá wo ló ń sunkún yẹn,” Tíṣà ní. “Mo ní kó jókòó jẹ́ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ mẹ́ta bi mí. Ọ̀kan ń sunkún pẹ̀lú rẹ̀. Mo wá ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi, mo fi hẹ́dífóònù sétí. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Gbogbo ibi tí ẹni tó ń kàwé bá ti dánu dúró, ó wà níbẹ̀.”

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín. Ó fi sùúrù ṣàlàyé fún un bí olùkọ́ ṣe ń ṣàlàyé fún ọmọ. Ó ní kò sí yàrá tó dákẹ́ pátápátá láyé. Yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń dákẹ́, ìyẹn sì ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ìdákẹ́ yàrá. Tí ènìyàn bá húkọ́ níbi tó ti ń kàwé, òun á gé ikọ́ náà dànù, àmọ́ ojú ibi tó gé á ṣófo gbayawu, etí á sì mọ̀ ọ́n. Òun á wá fi ìdákẹ́ yàrá lẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tí òun parí sítúdíò gan-an lòun ti gba ìṣẹ́jú márùn-ún rẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn lòun sì ń lò lábẹ́ iṣẹ́ gbogbo oníbàárà láti ìgbà náà. Kò sí ẹkún kankan níbẹ̀. Ọmọdé ló ń gbọ́ ohun tí kò sí.

Tíṣà mi orí pé rárá. Èyí ló bí Ẹnjiníà nínú. Òkò àbínújù kì í pẹyẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí inú ń bí kì í rántí. Ó wọlé, ó gbé sípíkà rẹ̀ ńlá méjèèjì jáde sí ojú fèrèsé pálọ̀, ó ṣí fèrèsé náà sílẹ̀ gbayawu, kí gbogbo àdúgbò lè jẹ́rìí òun. Ó fi ìdákẹ́ yàrá sí i. Ó yí i dópin.

Lákọ̀ọ́kọ́, bí òjò tó ń rọ̀ lọ́nà jíjìn ni. Lẹ́yìn náà ni èémí. Lẹ́yìn èémí ni ẹkún, ẹkún obìnrin tó ki aṣọ bọ ẹnu, tó ń fi ìwọ̀n sunkún, tó ń fà á sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ògiri onípákó ló wà láàárín sítúdíò àti yàrá tí wọ́n ń sùn, máìkì tí Oníbúrẹ́dì fi owó búrẹ́dì rà sì dára. Sípíkà gbé e kárí ilé, ó gbé e dé títì. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọmọ kékeré kan, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Màámi, ẹ rọra. Dádì ní tẹ́ ẹ bá dún, àwọn á tún nà yín.”

Onígbàjámọ̀ pa ẹ̀rọ ìgẹrun rẹ̀. Ọkùnrin olóògùn eku ń wo ilẹ̀. Ohun tó gbọ́ lábẹ́ ìpolówó ara rẹ̀ láàárín ọjà nìyẹn, nígbà tí àwọn ènìyàn ń bi í pé ṣé ẹni tó jẹ oògùn náà ló ń ké. Gbogbo mọ́kànlá ló gbọ́ ọ. Gbogbo mọ́kànlá ló gbé iṣẹ́ wọn lọ sí ibòmíràn. Wọ́n máa ń pa á lówe pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹni tó sunkún sí etí ènìyàn mọ́kànlá ńkọ́?

“Mi ò gbọ́ nǹkan kan,” Ẹnjiníà wí.

Kò parọ́, ohun tó burú jù níbẹ̀ nìyẹn. Ó ti gbọ́ ẹkún yẹn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi gbọ́ ọ mọ́. Ní tirẹ̀, bí ilé ṣe ń dákẹ́ nìyẹn.

“Èmi gbọ́,” Oníbúrẹ́dì wí. Tíńtín ló ń wò. “Ohùn ọmọ yìí nìyẹn.”

Ìgbà náà ni Ẹnjiníà tó tẹ́tí. Ojú rẹ̀ yí padà. Ẹ máa rò pé ìtìjú ló mú un, èmi náà ì bá rò bẹ́ẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn yàrá wọlé, ó fi irun wọ́ Aránṣọ jáde sí pálọ̀ lójú Tíṣà, ó sì ń gbá a nípàá bó ṣe ń wọ́ ọ. Ó ní ọdún méjì lòun fi ń wá ẹni tó ń lé oníbàárà òun, òun sì ti ń sọ ọ́, wọ́n ní òun ń ṣe àṣejù. Ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré lòun bẹ̀ ẹ́ pé kó fi dákẹ́ láyé rẹ̀. Ó gbá a ní ikùn. Ó gbá a ní ẹ̀gbẹ́, nǹkan kan dún níbẹ̀, Aránṣọ sì ká kò bí ọmọ inú oyún. Tíńtín fẹ́ sáré, ọwọ́ Oníbúrẹ́dì dá a dúró.

“Ẹnjiníà,” Tíṣà pè é. Kò pariwo. Bó ṣe ń pe ọmọ tó ń ṣe ohun tí kò dáa ló ṣe pè é. “Ìdákẹ́ yẹn, ó tó ìṣẹ́jú mélòó kó o tó lè gba òmíràn?”

Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà dúró nínú afẹ́fẹ́. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n sọ, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló sì gbọ́. Ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Tíṣà bi í pé ṣé ó lè jáde láàárín rẹ̀. Ó ní rárá, pé tí ilẹ̀kùn bá ké báyìí, ó ti bàjẹ́, òun á tún un bẹ̀rẹ̀, òun fúnra òun gan-an kì í ṣísẹ̀. Tíṣà wo Aránṣọ nílẹ̀. Ó wo ọmọ. Ó ní tó bá lè gba ìdákẹ́ tó mọ́, tí ẹkún ò sí nínú rẹ̀, òun ò rí ìdí tí àwọn ò fi ní sọ̀rọ̀ iṣẹ́.

Inú Ẹnjiníà dùn. Ó nu òógùn ojú rẹ̀. Ó jáde sẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ sókè sí gbogbo àdúgbò, ó ní ẹ jọ̀ọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún péré, kí ẹnikẹ́ni má dún. Ẹ wo bí wọ́n ṣe gbọ́ràn. Onígbàjámọ̀ pa rédíò. Ẹni tó ń fọ mọ́tò sọ kànrìnkàn kalẹ̀. Àwọn tó ń kọjá ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn. Àwọn ènìyàn yìí ti mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ fún ọkùnrin yìí.

Ó yí padà, ó na ìka sí Aránṣọ pé tó bá dún, òun á pa á. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn onífóòmù. Wọ́n rí i láti inú gíláàsì, ó fi hẹ́dífóònù sétí, ó tẹ nǹkan kan, ó sì dúró gbagidi.

Ìṣẹ́jú kìíní, Tíṣà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ sí Aránṣọ. Aránṣọ dì í mú. Ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò wọ bàtà, torí bàtà ń dún. Kò wọ yàrá lọ mú ẹrù, torí ilẹ̀kùn ń ké. Ohun kan ṣoṣo ló ń wò, ìyẹn ọrùn ọwọ́ ọmọ rẹ̀.

Ó rìn dé ọ̀dọ̀ Oníbúrẹ́dì, ó dúró níwájú rẹ̀. Kò kúnlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Kò lè bẹ̀bẹ̀, torí ẹ̀bẹ̀ náà ń dún. Ikọ́ kan péré látọ̀dọ̀ Oníbúrẹ́dì ti tó, àbúrò rẹ̀ á jáde. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, Aránṣọ náà sì mọ̀. Àwọn obìnrin méjèèjì ń wo ara wọn. Ọmọ náà ò wo ẹnikẹ́ni, ó pa ojú dé, ó ń retí ohun tó máa ń dé.

Ìṣẹ́jú kejì ti lọ, ìṣẹ́jú kẹta ti wọlé, kí Oníbúrẹ́dì tó tú ọwọ́ rẹ̀. Ó tú u ní ìka kọ̀ọ̀kan. Ojú ìka rẹ̀ ti pọ́n sí ara ọmọ náà. Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ ra ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì tì í sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀.

Ẹnjiníà ń wò wọ́n láti inú gíláàsì. Ó rí wọn tí wọ́n ń yọ́ ẹsẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà, Tíṣà níwájú, ìyá àti ọmọ lẹ́yìn. Ó rò pé wọ́n ń sún kúrò kí èémí wọn má bàa wọ inú iṣẹ́ ni. Inú rẹ̀ dùn pé ìyàwó òun gbọ́n lẹ́ẹ̀kan. Ó fi ìka lé ètè, ó sì ju ọwọ́ sí wọn pé kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n tún jìnnà sí i.

Wọ́n jáde. Wọ́n kọjá lójú onígbàjámọ̀. Aránṣọ ń tiro lórí ọ̀dà tó gbóná, ẹ̀jẹ̀ àtàǹpàkò rẹ̀ ń tò lẹ́yìn rẹ̀, kò sì dúró títí wọ́n fi yà ní kọ̀nà níbi tí Tíṣà gbé ọkọ̀ sí.

Nígbà tí ìṣẹ́jú márùn-ún pé, Ẹnjiníà yí i padà, ó gbọ́ ọ. Ó tún un gbọ́. Ó mọ́. Kò sí ẹkún, kò sí èémí, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun wá gbọ́ bó ṣe mọ́. Ó wo àga tí Tíṣà jókòó sí. Ó wo ilẹ̀. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ku òun nìkan lórí àpótí, ọwọ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lórí itan.

Ó bi í pé ọmọ òun dà.

“Ìwọ lo ní ká dákẹ́,” Oníbúrẹ́dì wí.

Ó fọ́ ọ létí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó pọ̀n ọ́n, tó ta búrẹ́dì fi tọ́ ọ, ó fọ́ ọ létí pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Obìnrin náà ṣubú kúrò lórí àpótí, ó sì ké. Ó ké bí ẹni tí kò gbé nínú ilé yẹn rí, ó fi gbogbo ọ̀fun ké.

Àdúgbò dìde. Onígbàjámọ̀ ló ṣáájú, ẹ̀rọ ìgẹrun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọkùnrin olóògùn eku tẹ̀ lé e, àwọn mẹ́rin yòókù tẹ̀ lé wọn, títí kan ẹni tí wọ́n gẹ orí rẹ̀ dé ìdajì. Wọ́n ń bi í pé ṣé orí rẹ̀ dàrú ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹni tó dàbí ìyá fún un, ó gbé ọwọ́ sókè lù ú, irú èèwọ̀ wo nìyí. Wọ́n ya ṣẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn lọ́rùn. Wọ́n fi ẹ̀ṣẹ́ bẹ́ ẹnu rẹ̀. Wọ́n lù ú bíi kíkú bíi yíyè, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń sọ pé ohun tí kò dáa kò dáa, pé àwọn ò lè máa wo irú rẹ̀ níran.

Títì tó wà láàárín ṣọ́ọ̀bù yẹn àti ilé náà ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́jọ lọ.